Wọ́n pa oko orí òkè pọ̀ ní Rùwáńdà: Ẹ gbọ́ ohun tí ilẹ̀ ń wí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ta ni yóò jiyàn pé oko kéékèèké tó fọ́n káàkiri kì í rọrùn láti ro? Àgbẹ̀ tó ní ìdajì éékà níhìn-ín, tó tún ní ìdámẹ́rin éékà lọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn títí oòrùn yóò fi mú kó tó gbé ọkọ́ sókè. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, bí ìjọba bá ti fẹ́ kí oúnjẹ pọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ pé kí àwọn àgbẹ̀ pa oko wọn pọ̀ kì í pẹ́ jáde.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ orí òkè kì í ṣe ẹgbẹ́ ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ohun tí ènìyàn bá ṣe sí i lónìí, ó lè tó ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá kí ilẹ̀ náà tó fèsì. Ilẹ̀ dà bí akólòlò: bó pẹ́ bó yá, yóò pe baba. Orílẹ̀-èdè Rùwáńdà, ní apá ìlà-oòrùn Áfíríkà, wà lára àwọn ibi tí a ti lè gbọ́ èsì náà dáadáa, nítorí pé láti ọdún 2008 ni wọ́n ti ń pa oko orí òkè pọ̀ níbẹ̀, àwọn onímọ̀ sì ti ń tọpa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ àti sí àwọn tó ń ro ó.

Ilẹ̀ kékeré, ènìyàn púpọ̀

Rùwáńdà kò tóbi. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 26,338 kìlómítà níbùú lóòró, kò tó ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìkan. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ka àwọn ènìyàn ibẹ̀ ní ọdún 2022, wọ́n lé ní mílíọ̀nù 13. Ìyẹn ni pé ènìyàn 503 ló wà lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan níbùú lóòró. Ilẹ̀ ẹgbẹ̀rún òkè ni wọ́n máa ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu. Ní àríwá àti ní ìwọ̀-oòrùn, òkè ló ń tẹ̀lé òkè, oko ló sì wà lára wọn láti ìsàlẹ̀ dé góńgó. Àwọn oko mìíràn wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ débi pé bí ọsàn bá bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn lójú ebè, àfonífojì ni yóò ti lọ ṣà á.

Láyé àtijọ́, ilé àgbẹ̀ máa ń wà lára òkè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni yóò sì yí i ká. Lẹ́yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ẹ̀wà, àgbàdo, ọ̀dùnkún àti ọkà bàbà, tí wọ́n máa ń gbìn pọ̀ mọ́ ara wọn. Ilẹ̀ àbàtà tó wà nísàlẹ̀ àfonífojì ni wọ́n ń dá oko sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí baba bá kú, àwọn ọmọ á pín ilẹ̀. Bí àwọn náà bá kú, àwọn ọmọ-ọmọ á tún pín in. Bí ilẹ̀ ṣe ń kéré sí i nìyẹn, títí tó fi jẹ́ pé ilẹ̀ ọ̀pọ̀ ìdílé kò tó hẹ́kítà kan, ìyẹn éékà méjì àbọ̀, èyí náà sì tún lè pín sí ọ̀nà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Nígbà tí ìjọba forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọdún 2009 sí 2013, ìpín ilẹ̀ tí wọ́n kọ sínú ìwé lé ní mílíọ̀nù 10.

Lójú àlejò, ìfiṣòfò ni irú oko bẹ́ẹ̀. Lójú àgbẹ̀, ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Bí òjò bá pọ̀ jù tó ba oko ìsàlẹ̀ jẹ́, ti orí òkè á wà. Bí òjò bá sì kọ̀ tí orí òkè gbẹ, ilẹ̀ àbàtà kò ní gbẹ. Ní ọdún 1992, Benoît Blarel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Gánà àti Rùwáńdà. Ohun tí wọ́n rí ni pé oko tó fọ́n káàkiri kò dín èrè ilẹ̀ kù bí àwọn ènìyàn ti rò, ó sì máa ń gba àgbẹ̀ lọ́wọ́ òfò.

Àṣẹ tó ti òkè wá

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, ìjọba Rùwáńdà dá ètò ńlá kan sílẹ̀ láti mú kí irè oko pọ̀ sí i. Nígbà tó di ọdún 2008, wọ́n fi ètò pípa oko pọ̀ kún un. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, kí ó má baà rú àwọn òǹkàwé wa lójú. Ìjọba kò gba ilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àgbẹ̀ kó lọ fi fún ẹlòmíràn. Olúkúlùkù ló ní ìwé ilẹ̀ rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí àwọn tí oko wọn fara kan ara wọn gbin irúgbìn kan náà, lásìkò kan náà, bí ẹni pé oko kan ṣoṣo ni.

Irúgbìn mẹ́fà ni wọ́n kọ́kọ́ yàn: àgbàdo, àlìkámà, ìrẹsì, pòtétò, ẹ̀wà àti ẹ̀gẹ́. Wọ́n wá sọ èyí tí agbègbè kọ̀ọ̀kan yóò gbìn. Ìjọba kó irúgbìn tuntun wá, ó san lára owó ajílẹ̀ òyìnbó, ó sì rán àwọn olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ sí àwọn abúlé. Àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ náà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn níwájú Ààrẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní imihigo, pé iye hẹ́kítà báyìí báyìí làwọn yóò pa pọ̀ lọ́dún.

Iṣẹ́ náà yára. Àkọsílẹ̀ ìjọba fi hàn pé láti 28,016 hẹ́kítà ní ọdún 2008, oko tí wọ́n pa pọ̀ di 502,916 hẹ́kítà ní ọdún 2011. Ìlọ́po méjìdínlógún nìyẹn láàárín ọdún mẹ́ta. Ajílẹ̀ òyìnbó tí àgbẹ̀ ń lò lórí hẹ́kítà kan, tí kò ju bíi kìlógíráàmù 4 lọ tẹ́lẹ̀, sún mọ́ 30. Àgbàdo àti àlìkámà pọ̀ lọ́jà, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì kan sáárá sí wọn.

Àmọ́ Yorùbá ní, ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún ebè iṣu tó ní igba lòun gbìn, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Ní ọdún 2016, Sam Desiere àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi iye irè oko tí ìjọba kọ sílẹ̀ wé èyí tí ìwádìí láti ilé dé ilé fi hàn. Irè oko pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbísí tí wọ́n rí nínú ìwádìí ilé dé ilé kéré gan-an sí èyí tó wà nínú ìwé ìjọba. Ohun tó sì kàn wá jù níhìn-ín ni pé iye àpò àgbàdo ọdún kan kò lè sọ bí ilẹ̀ tó mú un jáde ṣe wà.

Ààlà kì í ṣe ìlà lásán

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ààlà. Gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń fi pèrègún ṣe ààlà nílẹ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni koríko, igi kéékèèké àti poro máa ń pààlà láàárín oko sí oko lára òkè. Ojú ìjà ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo ààlà, wọn kì í rántí pé ó ń dá omi dúró. Bí òjò bá rọ̀ sára òkè, omi á máa sáré bọ̀ nísàlẹ̀. Bó bá kan koríko ààlà, á rọra, erùpẹ̀ tó gbé dání á sì jókòó síbẹ̀. Bí kò bá sí ààlà láti òkè dé ìsàlẹ̀, omi náà á máa pọ̀ sí i, á máa yára sí i, á sì di ọ̀gbàrá tó ń wú ilẹ̀. Ẹni tó bá pa oko mẹ́wàá pọ̀ láì fi nǹkan kan rọ́pò ààlà mẹ́sàn-án tó wà láàárín wọn, ọ̀nà ló là fún ọ̀gbàrá.

Rùwáńdà nìkan kọ́ ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n ṣe òfin pípa oko pọ̀ ní ọdún 1941, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni iṣẹ́ náà sì wá gbóná. Ní agbègbè Bretagne, wọ́n fi katakata wú àwọn igi àti òkìtì tó pààlà láàárín oko kúrò, kí ẹ̀rọ lè ráyè ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ yá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, erùpẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wọ odò, omi sì ń ya wọ ìlú. Láti ọdún 2007 ni ìjọba ibẹ̀ ti ní ètò kan tó ń náwó láti tún gbin igi ààlà padà. Owó ni wọ́n fi wú u, owó náà ni wọ́n tún fi ń gbìn ín.

Ohun kejì ni àgbìnpọ̀. Ní oko àtijọ́ ní Rùwáńdà, bí wọ́n bá ka ẹ̀wà tán, ọ̀dùnkún ṣì wà lórí ilẹ̀. Bí wọ́n bá wa ọ̀dùnkún, ọkà bàbà ṣì dúró. Ilẹ̀ kì í wà níhòòhò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òjò máa ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún: láti oṣù kẹsàn-án sí oṣù kejìlá, àti láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún. Àgbàdo tí gbogbo òkè gbìn papọ̀ ní oṣù kẹsàn-án, ìgbà kan náà ni gbogbo wọn yóò kórè rẹ̀, ní nǹkan bí oṣù kejì. Bí wọ́n bá kórè tán, tí wọ́n kó pòròpórò lọ fún ẹran, tí wọ́n sì tún ilẹ̀ kọ, gbogbo ara òkè náà á wà níhòòhò. Ìgbà yẹn gan-an ni òjò ńlá oṣù kẹta ń bọ̀.

Ẹ̀wà pàápàá ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Gbòǹgbò ẹ̀wà máa ń fa oúnjẹ láti inú afẹ́fẹ́ wọ ilẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ẹ̀wà kúrò láàárín àgbàdo, ajílẹ̀ tí a kì í rà ni wọ́n yọ kúrò yẹn, ajílẹ̀ tí a ń rà ló sì gbọ́dọ̀ rọ́pò rẹ̀. Yùríà àti irú ajílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń mú irúgbìn dàgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ bá ń dà á sílẹ̀ lọ́dọọdún láì fi ìgbẹ́ ẹran tàbí nǹkan mìíràn tì í lẹ́yìn, ó máa ń mú kí ilẹ̀ kan. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ orí òkè Rùwáńdà ló sì ti kan tẹ́lẹ̀.

Bí ilẹ̀ bá kan jù, èròjà álúmíníọ́mù tó wà nínú rẹ̀ á tú, á sì máa pa gbòǹgbò irúgbìn. Gbòǹgbò kò ní lè rìn jìnnà, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ náà á di lára ajílẹ̀ mú, irúgbìn kò sì ní rí i jẹ. Àgbẹ̀ á máa dà á sí i, owó á máa lọ, irè kò ní pọ̀ bó ti yẹ. Èyí kì í hàn ní ọdún kìíní. Ó lè tó ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá kó tó hàn, nígbà tí ẹni tó pàṣẹ ti kúrò nípò.

Oko alátẹ̀gùn

Kí ọ̀gbàrá má baà gbé ilẹ̀ lọ, wọ́n ń gé ara òkè ní pẹpẹ-pẹpẹ bí àtẹ̀gùn. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é. Èkíní ni kí wọ́n la poro sórí ìlà tó dọ́gba lára òkè, kí wọ́n gbin koríko sí i létí, kí erùpẹ̀ máa rọra kó jọ síbẹ̀ lọ́dọọdún títí yóò fi di pẹpẹ fúnra rẹ̀. Èkejì ni kí wọ́n gé òkè náà lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí pẹpẹ rẹ̀ tẹ́jú. Ìkejì yìí ló bá oko tí a pa pọ̀ mu jù, nítorí pé ẹnì kan kò lè dá gé òkè tirẹ̀ láìjẹ́ pé aládùúgbò tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀ náà gé tiwọn. Iṣẹ́ ńlá ni: ó lè gba ènìyàn tó lé ní 500 ní iṣẹ́ ọjọ́ kan kí wọ́n tó gé hẹ́kítà kan tán.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Erùpẹ̀ dúdú tó wà lójú ilẹ̀, tí kò sábà jìn ju àtẹ́lẹwọ́ kan tàbí méjì lọ, inú rẹ̀ ni ewé tó ti jẹrà wà, inú rẹ̀ ni ekòló ń gbé, inú rẹ̀ náà ni oúnjẹ irúgbìn wà. Abẹ́ rẹ̀ ni ilẹ̀ pupa wà, èyí tó kan, tí kò sì ní oúnjẹ nínú. Bí wọ́n bá gé òkè láìṣọ́ra, ilẹ̀ pupa á bọ́ sókè, erùpẹ̀ dúdú á sì sin sábẹ́. Pẹpẹ náà á lẹ́wà lójú, ènìyàn á yà á ní fọ́tò, ọ̀gbàrá kò sì ní gbé e lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbin àgbàdo sí i, á pọ́n bí ẹni tó ní ibà.

Kì í ṣe pé ilẹ̀ náà ti kú. Ó ní oògùn. Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n kó erùpẹ̀ dúdú sápá kan kí wọ́n tó gé òkè, kí wọ́n sì dà á padà sórí pẹpẹ bí wọ́n bá gé e tán. Èkejì ni ìyẹ̀fun òkúta funfun tí wọ́n ń pè ní láìmù, èyí tí wọ́n ń wà ní Rùwáńdà fúnra rẹ̀, ní agbègbè Musanze. Òun ló ń mú kíkan kúrò nínú ilẹ̀. Ẹ̀kẹta, tó sì ṣe pàtàkì jù, ni ìgbẹ́ ẹran àti ààtàn, kì í ṣe agbọ̀n méjì tàbí mẹ́ta, bí kò ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ tọ́ọ̀nù lórí hẹ́kítà kan, tí wọn yóò sì tún máa fi kún un. Bí wọ́n bá ṣe gbogbo èyí fún ọdún mélòó kan, ilẹ̀ náà á sọjí, ó sì lè dára ju bó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun tí ilẹ̀ jèrè

Ó yẹ ká sọ òtítọ́ nítorí Ọlọ́run: pípa oko pọ̀ ní àǹfààní tirẹ̀ fún ilẹ̀ orí òkè. Omi kò mọ ààlà ìdílé. Bí ẹni tó wà lókè kò bá la poro, omi rẹ̀ á fọ́ poro ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè gba òkè là. Bí gbogbo òkè bá fẹnu kò, tí poro wọn bá ara wọn lọ, tí wọ́n sì gbin koríko sétí pẹpẹ gbogbo, kò sí oko kéékèèké tó lè ṣe é bíi tiwọn. Koríko náà tún ń di oúnjẹ ẹran, ẹran ń yàgbẹ́, ìgbẹ́ sì ń padà sórí pẹpẹ. Ìdí rèé tí ètò Girinka, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006 láti fún ìdílé tálákà kọ̀ọ̀kan ní abo màálù kan, fi ṣe pàtàkì fún ilẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Wàrà ni àwọn ènìyàn máa ń sọ, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ màálù náà kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ọ̀nà tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ní ọdún 2013, Kagabo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí àwọn pẹpẹ tó ń kó ara wọn jọ lọ́dọọdún ní agbègbè Buberuka, ní àríwá Rùwáńdà. Wọ́n rí i pé lórí pẹpẹ kan náà, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ pẹpẹ ní èròjà ewé jíjẹrà tó fi ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti òkè pẹpẹ lọ. Ọkọ́ àti òjò ló ń wọ́ erùpẹ̀ dúdú náà láti òkè pẹpẹ lọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Erùpẹ̀ náà kò tíì kúrò lóko, koríko ti dá a dúró, ṣùgbọ́n orí pẹpẹ ń ṣá, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń sanra. Ẹni tó bá mọ èyí, òkè pẹpẹ ni yóò kó ìgbẹ́ ẹran rẹ̀ lọ, kì í ṣe ìsàlẹ̀.

Ta ni yóò ru ẹrù ọdún márùn-ún àkọ́kọ́?

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ilẹ̀ tí a pa pọ̀, tí a sì gé, nílò ìtọ́jú ọdún púpọ̀ kó tó san ohun tí a ná lé e lórí. Alfred Bizoza àti Jan de Graaff ṣírò owó oko alátẹ̀gùn Rùwáńdà nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2012. Ohun tí wọ́n rí ni pé èrè kò sí nínú rẹ̀ àfi bí owó iṣẹ́ àti owó ìgbẹ́ ẹran tó ń ná àgbẹ̀ bá kéré sí iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà. Ní èdè mìíràn, ẹni tó ní màálù tirẹ̀ àti ọmọ tó ń bá a ṣiṣẹ́ yóò jèrè. Ẹni tí kò ní, tó fẹ́ ra gbogbo rẹ̀, gbèsè ni yóò jẹ.

Ní ọdún 2016, Neil Dawson, Adrian Martin àti Thomas Sikor gbé ohun tí wọ́n rí ní ìwọ̀-oòrùn Rùwáńdà jáde. Wọ́n ní àwọn tó rí ṣe díẹ̀ nìkan ló lè tẹ̀lé ètò náà bó ti yẹ. Ọ̀pọ̀ àwọn tálákà ni kò rówó ra irúgbìn àti ajílẹ̀, wọ́n sì pàdánù àgbìnpọ̀ tó ń bọ́ wọn láti oṣù dé oṣù. Àwọn kan ta lára ilẹ̀ wọn. Àwọn olùwádìí mìíràn pẹ̀lú ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní àwọn àdúgbò kan, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wú irúgbìn tí kò sí nínú ètò kúrò lóko olóko. Ìyàwó ilé tó gbin ọ̀dùnkún kí ọmọ lè rí nǹkan jẹ kí àgbàdo tó gbó, kò lè fi ojú rere wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Èyí kan ilẹ̀ náà, kì í ṣe ènìyàn nìkan. Pẹpẹ tí kò bá lówó ìgbẹ́ ẹran nídìí, ṣíṣá ni yóò ṣá. Ẹni tí kò gbàgbọ́ pé òun ló ni ìpinnu lórí oko òun, kò ní gbìyànjú láti tún etí pẹpẹ ṣe bó bá ya. Bẹ́ẹ̀, pẹpẹ tó ya lára òkè burú ju òkè tí a kò gé rí lọ, nítorí pé omi tó ti kó jọ lórí rẹ̀ á ya lu èyí tó wà nísàlẹ̀, ìyẹn náà á sì ya lu òmíràn.

Rùwáńdà ti rí irú èyí rí. Láyé ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù, wọ́n fi agbára mú àwọn àgbẹ̀ láti la kòtò tó ń dá omi dúró sára àwọn òkè. Nígbà tí òmìnira dé ní ọdún 1962, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ pa àwọn kòtò náà tì, àwọn mìíràn sì dí i. Kì í ṣe pé kòtò náà kò dára. Iṣẹ́ ìpá ni wọ́n kà á sí, ìpá sì ti tán.

Ẹnikẹ́ni tó bá sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ lásán ni èyí, kó rántí alẹ́ ọjọ́ kejì mọ́jú ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún ọdún 2023. Òjò ńlá rọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn àti àríwá Rùwáńdà, òkè ya, odò kún, àwọn ènìyàn tó lé ní 130 sì bá a lọ. Òjò náà pọ̀ lọ́nà àrà, kò sì tọ́ kí ẹnikẹ́ni di gbogbo ẹ̀bi rẹ̀ ru oko. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé bí òjò irú ìyẹn bá dé, ohun tó wà lára òkè, bóyá igi àti koríko ni o, bóyá ilẹ̀ ìhòòhò ni o, lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè.

Ìbéèrè tó yẹ kí àgbẹ̀ bi ẹni tó fẹ́ pa oko rẹ̀ pọ̀

A kò há tó Rùwáńdà nílẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n òkè ń bẹ ní Ẹ̀fọ̀n Alààyè, ó ń bẹ ní Ìdànrè, ó sì ń bẹ ní Òkè-Ògùn, àwọn àgbẹ̀ sì ń dáko lára wọn. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ìjọba, ìbáà ṣe ilé-iṣẹ́ aládàáńlá, bá wá pé kí ẹ pa oko orí òkè pọ̀, ẹ má sá, ẹ má sì tètè tọwọ́ bọ̀wé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Rùwáńdà ti kọ́ wa ní ìbéèrè tó yẹ ká bi wọ́n.

Èkíní: bí a bá wú ààlà kúrò, kí ni yóò máa dá omi dúró nípò rẹ̀? Èkejì: bí gbogbo wa bá kórè lọ́jọ́ kan náà, kí ni yóò bo ilẹ̀ nígbà tí òjò bá dé? Ẹ̀kẹta: bí ẹ bá fẹ́ gé òkè, níbo lẹ ó kó erùpẹ̀ dúdú sí, ta ni yóò sì dà á padà? Ẹ̀kẹrin: ta ni yóò san owó ìgbẹ́ ẹran àti láìmù, fún ọdún mélòó? Ẹ̀karùn-ún: bí irúgbìn tí ẹ yàn bá kùnà, kí ni ìdílé mi yóò jẹ, ṣé mo sì lè fi ẹ̀gbẹ́ kan gbin ohun tí mo mọ̀?

Ẹni tó bá ní ìdáhùn tó yè kooro sí márààrún, ẹ jẹ́ kí ó wá, ẹ gbárùkù tì í. Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ kò bá kọjá iye àpò àgbàdo tí ẹ ó kó ní ọdún kìíní, ẹ sọ fún un pé ẹ ń ro ti ọdún kẹwàá. Àwọn ọmọ wa ni yóò ro ilẹ̀ náà nígbà yẹn, bí erùpẹ̀ bá ṣì kù lórí rẹ̀.